Irin Ọ̀tún Tí Mo Fi Okùn Dè

Ẹ pa àwọn ẹ̀rọ yẹn. Gbogbo wọn pátá, títí kan kékeré ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ń kùn bí àgbàlagbà tí kò rí oúnjẹ àárọ̀. Ẹ jókòó sórí ohunkóhun tí ẹ bá rí. Èmi ti jókòó ná, ẹ sì gbọ́ bí àga ṣe ké lábẹ́ mi. Ìdí tí mo gbé wọ ilé yìí ní ọmọbìnrin ṣì wà níbẹ̀ digbí, ó kàn fẹ̀ sí i ni. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa nísinsìnyí, nítorí tí n bá ka bébà ọwọ́ mi yìí dé ìdajì, kò sẹ́ni tí yóò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Dókítà ní ọkàn mi ń lù bí aago tó ti gbàgbé iye tó ń kà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló lé mi débí, kí n má purọ́ mọ́ ikú. Irọ́ tí mo ti pa tó. Ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún ilé iṣẹ́ yìí ló lé mi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó jókòó sórí àga ọ̀gá báyìí ló gbé e wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ bá wa wo ojú ewé kẹta, ibi tí a kọ ìtàn ilé yìí sí àti ohun tí a dúró lé lórí. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀." Mo gbé awò sójú, mo kà á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí: "Ìlànà wa àkọ́kọ́ ni pé a kì í kánjú. A kọ́ ọ lára àbúrò ọ̀gá wa kejì, ẹni tí ìkánjú ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ nídìí ẹ̀rọ." Mo kà á tán, díẹ̀ ló kù kí n ṣe é sára. Ẹ má bojú jẹ́, òótọ́ ni mo wá sọ. Irọ́ ni gbólóhùn yẹn. Èmi ni mo pa á. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo sì fi jẹun lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn yìí bó ṣe rí, kì í ṣe bí ẹ ṣe kọ ọ́. Bàbá ọkọ mi ló dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, nínú yàrá tí ẹ ń kó bébà sí lónìí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, yíǹkì kò kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ títí wọ́n fi sin ín. Kì í pariwo. Tí iṣẹ́ kan bá wọ́, tí ìlà ọ̀rọ̀ bá lọ sápá kan bí ọ̀mùtí, á gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀, á bi ẹni tó ṣe é pé, "Ṣé wàá lè fi èyí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ?" Ó parí nìyẹn. Onítọ̀hún á lọ tún un ṣe. Ọmọ méjì ló bí: ọkọ mi, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, èèyàn dáadáa ni, ó rẹwà, ó sì lè sùn lórí òkúta. Ṣùgbọ́n òun àti iṣẹ́ dà bí ológbò àti omi. Ara àbúrò rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ la fi ń to lẹ́tà nígbà náà, òjé kéékèèké, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú àpótí oníyàrá púpọ̀, lódìlódì bí ẹni ń kàwé nínú dígí. Ọmọbìnrin yìí kì í wo àpótí. Á máa bá ọ tàkúrọ̀sọ, á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa ṣa lẹ́tà bí adìẹ ṣe ń ṣa ọkà. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, mi ò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Mo sọ ọ́ ní Ọwọ́-ń-jó. Gbogbo ilé gbà á mọ́ mi lẹ́nu, inú òun náà sì dùn sí i. Ó máa ń sọ pé, "Ìyàwó wa, ìwọ nìkan lo mọ̀ mí nínú ilé yìí." Ẹ wò ó. Èmi tó mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kó gbogbo wa jọ, ó na ọwọ́ sí àga rẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní bèèrè ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹni tí iṣẹ́ bá mọ̀ jù ni yóò jókòó síbí lẹ́yìn mi." Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Ọkọ mi tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo ni ín. Ṣáà jẹ́ kí n rí ibi sùn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣí ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jáde. Mo ti fi ojú inú rí ara mi ní ìyàwó ọ̀gá, tí n ó máa rìn gba àárín yàrá yìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ó máa yà fún mi. Ojúkòkòrò ni, ẹ má wá orúkọ míì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ọkọ mi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Gígé bébà ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́; mo ní oorun ń kùn ún, kó lọ jókòó, èmi á gé e. Tí bàbá bá bèèrè ẹni tó gé òkìtì bébà ńlá báyìí kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, mo ń dáhùn pé, "Ọmọ yín ni, Bàbá." Bàbá á mi orí. Ó ti ń wo ọkọ mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Àwọn tó pẹ́ níbí mọ ẹ̀rọ agébébà àtijọ́ yẹn. Ó ní irin méjì tí wọ́n ń fà wálẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí o bá fa ọ̀kan, ọ̀bẹ kò ní mira. Àfi kí o fa méjèèjì pa pọ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tó bá di irin mú kò lè wà lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yẹn fẹ́ràn ọwọ́ ọmọ èèyàn. Èmi ni mi ò fẹ́ràn nǹkan kan ju kí n tètè ṣe é. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, ẹ mọ̀. Òsì yìí náà ni mo fi gbá púpọ̀ nínú yín létí. Mo wá mú okùn tí a fi ń di bébà, mo fa irin ọ̀tún wálẹ̀, mo dè é mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, mo gbé ìdì bébà bo ibẹ̀ kí bàbá má baà rí i. Ọwọ́ òsì mi nìkan ń mú ọ̀bẹ sọ̀kalẹ̀, ọ̀tún mi ń to ìdì tó kàn. Ohun tí ẹni méjì ń gé láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi ń gé e kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ń fi ara mi yangàn. Mo ń sọ fún ara mi pé orí mi pé ju ti ẹni tó ṣe ẹ̀rọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí iléèwé fẹ́ wọlé ni, a ń gé etí ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ wọn, òkìtì rẹ̀ ga jù mí lọ. Mo ti lóyún ọmọ mi kejì. Oyún náà jókòó lé àpò ìtọ̀ mi bí onílé tó wá lé ayálégbé. Wákàtí kan kì í kọjá kí n má sáré lọ sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ méjèèjì tí a ní ti kó ẹrù jáde, bàbá wà níwájú pẹ̀lú oníbàárà, ọkọ mi wà níbi tó ń wà. Ìtọ̀ gbọ̀n mí. Bí mo ṣe yí padà, Ọwọ́-ń-jó wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Háà, ìyàwó wa! Ẹsẹ̀ yìí ti wú bí búrẹ́dì. Ìgbà tí o bá tọ̀ tán, lọ jókòó jẹ́ẹ́. Jẹ́ kí n bá ọ gé ìyókù." Mo gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ pé bóyá mi ò gbọ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì dúró. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, mo so ó." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ bí mo ṣe ń yára tó, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òun ló ń gé bébà, àga á sì bọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní, "Ẹ ṣé o, àǹtí mi, mò ń bọ̀ kíá." Mo sáré lọ tọ̀. Mo rò pé n ó tètè dé. Ìtọ̀ ni mo ń tọ̀ lọ́wọ́, lórí ìjókòó, nígbà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀.

Gbogbo wa la ní àṣà kan nídìí ẹ̀rọ yẹn. Tí a bá fẹ́ tún ìdì bébà tò, a máa ń fi ọwọ́ òsì sinmi lórí irin òsì, a ó ki ọ̀tún bọ abẹ́ ọ̀bẹ. Kò sí ewu ńbẹ̀, irin kan ṣoṣo kì í ṣe nǹkan kan. Ohun tó ṣe nìyẹn. Ó sinmi. Ìka mẹ́rin ló lọ, àtàǹpàkò nìkan ló kù. Nígbà tí mo fi dé, bàbá ti gbé e mọ́ra, ó ń fi ẹ̀wù ara rẹ̀ wé ọwọ́ náà, ó ń pe orúkọ tó ń pè é nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìwé funfun ti di pupa. Ẹ bi mí pé kí ni mo ṣe. Ṣé mo sáré bá a? Ẹ̀rọ ni mo sáré bá. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún níkùn, mo fi eyín já okùn yẹn. Eyín tèmi gangan nígbà náà, kì í ṣe àwọn àtọ́wọ́dá tó ń jó lẹ́nu mi yìí. Mo ki okùn bọ inú kọ́mú. Ìgbà náà ni mo tó wá fi ọwọ́ lérí, tí mo ń ké ju ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù tán, bàbá padà wá sídìí ẹ̀rọ. Ó fa irin òsì, ọ̀bẹ kò mira. Ó fa ọ̀tún, kò mira. Ó tún un fà, ó tún un fà. Ó ní, "Kò yé mi. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi wà lábẹ́ ọ̀bẹ. Ta ló wá fa irin ọ̀tún?" Ó wò mí. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀, mo ní, "Bàbá, mo rí i. Mò ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ń kánjú ni. Ìbàdí rẹ̀ ló fi ti irin náà." Èmi tí mo wà lórí ìjókòó ilé ìgbẹ́, tí mo gbé aṣọ sókè, èmi ni mo rí i. Bàbá fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, "Ọmọ mi. Mo kọ́ ọ títí." Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń bọ́ aṣọ láti wẹ̀, okùn jábọ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ mi. Ó mú un, ẹ̀jẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Kí nìyí?" Mo rò fún un. Oorun dá lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?" Mo ní, "Èmi àti ẹ̀yin." Ó ní, "Bàbá á lé wa." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó wo ikùn mi. Ó ní, "A sọ ọ́ o, a ò sọ ọ́ o, ìka ò ní hù padà." Ó ju okùn náà sínú iná. Ọdún méjìlélógójì la tún fi sùn lórí ibùsùn kan náà, a ò dárúkọ okùn mọ́ títí mo fi pa ojú rẹ̀ dé.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù. Kò tíì burú. Mo lọ kí Ọwọ́-ń-jó ní ọsibítù. Ó dùbúlẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ bí orí ọmọ tuntun. Ó ní, "Ìyàwó wa, sún mọ́ mi." Mo sún mọ́ ọn. Ó ní, "Wọ́n ní ìwọ lo rí mi. Mo ti rò ó títí. Lójú tèmi, mo dúró gán-án, mi ò fi ara kan nǹkan kan. Ṣé lóòótọ́ ni mo fi ìbàdí tì í? Sọ fún mi. Ìwọ nìkan ni mo lè bi." Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn rèé tó ṣí gbayawu. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níwájú mi, kò sí bàbá, kò sí àga. Mo di ọwọ́ rẹ̀ òsì mú. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí mi. Ẹ ń kánjú ni. Ìrora ló mú yín gbàgbé." Ó mi orí, ó ní, "Ó dáa. Tí ìwọ bá ti rí i." Ọ̀bẹ gé ìka. Ẹnu mi ló gé ìyókù.

Bí ilé yìí ṣe rí ìlànà rẹ̀ nìyẹn. Bàbá fi lẹ́tà tó tóbi jù nínú àpótí tẹ A KÌ Í KÁNJÚ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó sì gbé ọkọ mi sórí àga. Bàbá kò lo ọdún méjì láyé lẹ́yìn náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ lẹ́ẹ̀kejì, ó di ẹni tó ń ka iṣẹ́ wò kó tó lọ sórí ẹ̀rọ. Àṣìṣe kì í bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ọkọ mi á pè é wá sí yàrá yìí, á ní, "Àbúrò, fi ọwọ́ hàn wọ́n." Ó ń gbé e sókè, àtàǹpàkò yẹn nìkan lórí kùkùté ọwọ́, ó ń sọ pé, "Ìkánjú ló ṣe èyí." Ọgbọ̀n ọdún. Mò ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń mi orí bí alángbá. Orúkọ tí ẹ sì ń pè é, Àǹtí Ìkánjú, ẹnu ta ló ti kọ́kọ́ jáde? Ọmọ kan ń fi ife gbígbóná sáré nínú ilé, mo pariwo mọ́ ọn pé kó má di Àǹtí Ìkánjú mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, orúkọ lẹ̀. Òun náà ń jẹ́ ẹ. Èmi tí mo sọ ọ́ ní Ọwọ́-ń-jó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, okùn, ìtọ̀, kọ́mú, gbogbo rẹ̀. Ó ń gbọ́, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo parí. Mo rò pé yóò gbá mi. Mo ti bọ́ eyín sápò sílẹ̀. Ẹ̀rín ló bú sí, ẹ̀rín gbígbẹ, bíi bébà tí wọ́n ń ya. Ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kì í ṣe ìka. Ìka, mo ti sunkún rẹ̀ tán. Mi ò gbé ọmọ ọlọ́mọ rí, ìyàwó wa. Gbogbo ọmọ tí o bí, ṣé o rí mi kí n gbé ọ̀kankan? O rò pé mi ò fẹ́ràn ọmọ. Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí. Mo rò pé ara mi lè ṣe ohun tí mi ò rán an, kí n má sì rántí. Mi ò jókòó sídìí iná tí ọmọ bá wà nítòsí. Mi ò fẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ mi. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi ń ṣọ́ ara mi bí olè. Mo dúró gán-án lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ọ pé mo dúró gán-án." Mo ní, "Ẹ dúró gán-án, àǹtí mi." Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, títí ohùn mi fi há. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá mo ní in níkùn. Lọ sọ ọ́ níbi tí mo ti ń gbé ọwọ́ sókè. Kí ẹ̀rọ dákẹ́, kí òṣìṣẹ́ gbọ́, kì í ṣe ẹbí nìkan. N ó jókòó sínú ọkọ̀ níta. Tí o bá sọ ọ́ tán, wá pè mí, ìwọ fúnra rẹ. Ìgbà tí mo bá rí ojú rẹ ni n ó mọ̀ bóyá n ó bọ́ sílẹ̀, tàbí n ó ní kí awakọ̀ máa lọ."

Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbí, àṣìṣe á ṣe yín, irin á gé yín, ẹ ó ba bébà jẹ́. Ẹ sọ ọ́ ní wákàtí yẹn gan-an, kí ẹnu yín tó kọ́ ọ̀nà míì. Mo bẹ yín, gbogbo yín tí mo fi irọ́ tọ́, ẹ forí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú yẹn ló wà lẹ́nu géètì. Ẹ má wo ojú fèrèsé, ẹ má ṣe bí ẹni ń wòran. Ìwọ, ọmọ ọmọ mi, fi apá mi sílẹ̀; ó ní èmi fúnra mi. Ẹsẹ̀ mi yìí ti rìn débi tó burú ju èyí lọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ yà fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ yà.